Ọkọ̀ tí a Ṣe fún Ọ̀dọ́, tí Àgbà Rà: Ìtàn Honda Model X àti Honda Element, 2001 sí 2011

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Òwe yìí kò sọ pé ọgbọ́n ọmọdé àti ọgbọ́n àgbà jẹ́ ọ̀kan náà. Ohun tí ó ń sọ ni pé ìlú kì í dúró bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá ṣe aláìsí. Ìtàn tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú àpilẹ̀kọ yìí jẹ́ ìtàn ilé-iṣẹ́ kan tí ó pinnu láti ṣe ohun kan fún ọ̀dọ́, tí ó sì bá àgbà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ó ṣílẹ̀kùn. Ohun náà ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ilé-iṣẹ́ Honda kọ́kọ́ fi han aráyé ní ìlú Detroit, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2001. Orúkọ tí wọ́n fún un nígbà náà ni Model X. Nígbà tí ó dé ọjà ní ìparí ọdún 2002, ó ti di Honda Element.

Ìbéèrè mẹ́ta ni a ó gbìyànjú láti dáhùn. Èkíní, kí ni ó mú kí ilé-iṣẹ́ tí ọjà rẹ̀ ń tà dáadáa máa wá ọ̀dọ́ kiri? Èkejì, ọ̀nà wo ni èrò nípa ìgbé-ayé ọ̀dọ́ gbà di irin, ike, àga àti ilẹ̀kùn? Ẹ̀kẹta, ta ni ó ra ọkọ̀ náà ní tòótọ́, kí sì ni èyí kọ́ wa nípa ẹni tí ó ní àṣẹ láti sọ ohun tí nǹkan jẹ́? Èrò tiwa ni pé àwọn tí ó ya ọkọ̀ yìí mọ iṣẹ́ wọn, wọ́n sì wo ayé dáadáa kí wọ́n tó fi ọwọ́ kan ìwé. Ibi tí wọ́n ti ṣìnà ni pé wọ́n rò pé ohun tí ọ̀dọ́ ń ṣe jẹ́ ti ọ̀dọ́ nìkan.

Ọkọ̀ àfihàn àti iṣẹ́ rẹ̀

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí a ń pè ní ọkọ̀ àfihàn. Ó jẹ́ ọkọ̀ tí a kò ṣe fún títà. A máa ń ṣe é ní ẹyọ kan tàbí méjì, a ó gbé e lọ sí ibi ìpàtẹ ọkọ̀, a ó tan iná sí i lára, a ó sì tẹ́tí sí ohun tí àwọn ènìyàn bá sọ. Ẹni tí ó bá gbọ́n kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò. Ọkọ̀ àfihàn ni ẹsẹ̀ kan tí ilé-iṣẹ́ fi ń wọn ọjà kí ó tó kó owó ńlá lé ẹ̀rọ àti òṣìṣẹ́.

Àṣà yìí ti pẹ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìtàn ọkọ̀ ni ó gbà pé Buick Y-Job, tí Harley Earl àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní General Motors ṣe ní ọdún 1938, ni àkọ́kọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Earl fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀ náà kiri ìgboro, kí àwọn ènìyàn lè rí i. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ àfihàn ti di èdè tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń bá ọjọ́ iwájú sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àlá lásán. Wọ́n a wá, wọ́n a lọ, a kò sì ní gbúròó wọn mọ́. Díẹ̀ ni ó ń dé ojú títì. Díẹ̀ nínú díẹ̀ náà ni ó ń dé ojú títì láì pàdánù ìrísí tí a kọ́kọ́ fi hàn. Model X wà lára àwọn díẹ̀ yìí, ìdí nìyí tí ó fi wúlò fún òǹkọ̀tàn: a lè gbé èrò àti àbájáde sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí a sì wo ibi tí wọ́n ti pínyà.

Ohun tí ó mú kí Honda máa wá ọ̀dọ́

Soichiro Honda dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú Hamamatsu, ní orílẹ̀-èdè Japan, ní ọdún 1948. Ní ọdún 1959, ilé-iṣẹ́ náà ṣí ọ́fíìsì ní Los Angeles láti máa ta alùpùpù. Àwọn alùpùpù kékeré rẹ̀ tètè gbajúmọ̀ láàrin àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ogún ọdún, ní 1979, Honda bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe alùpùpù ní Marysville, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ní ọdún 1982, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ Accord níbẹ̀. Nípa báyìí, ilé-iṣẹ́ àjèjì náà di ọmọ ilé, àwọn tí ó ra Honda wọn àkọ́kọ́ ní ìgbà èwe sì ń bá a dàgbà.

Ìbùkún ni èyí, ṣùgbọ́n ó ní ewu nínú. Bí oníbàárà bá ń dàgbà, orúkọ ọjà náà ń dàgbà pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún fi ń parí lọ, Accord àti Civic ti di ọkọ̀ tí ọmọ mọ̀ sí ọkọ̀ bàbá àti ìyá rẹ̀. Ìran mìíràn sì ń bọ̀: àwọn tí a bí láti ìparí ọdún 1970 síwájú, tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní ìran Y. Wọ́n pọ̀ níye, wọ́n sì ń sún mọ́ ọjọ́ orí tí ènìyàn fi ń ra ọkọ̀ àkọ́kọ́. Ilé-iṣẹ́ tí kò bá rí wọn mú ní àkókò yìí lè máà rí wọn mú mọ́.

Honda nìkan kọ́ ni ó ronú bẹ́ẹ̀. General Motors ti gbé ọkọ̀ àfihàn Pontiac Aztek jáde ní ọdún 1999 fún àwọn tí ó fẹ́ràn eré ìta gbangba. Ó dé ọjà ní ọdún 2000, àgọ́ tí a lè so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ sì wà lára ohun tí olùrà lè fi kún un. Àwọn ènìyàn fi ìrísí rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì dáwọ́ rẹ̀ dúró ní ọdún 2005. Toyota ní tirẹ̀ dá orúkọ tuntun sílẹ̀, Scion, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní California ní ọdún 2003, pẹ̀lú ọkọ̀ xB tí ó dà bí àpótí. Nítorí náà, kí a tó dá Honda lẹ́bi tàbí kí a yìn ín, kí a rántí pé orin tí gbogbo ẹgbẹ́ ń kọ ni òun náà ń kọ.

Ilé aṣọ́mùwẹ̀ tí ó ní táyà

Àwọn tí ó ya Model X wà ní ẹ̀ka ìwádìí Honda ní Amẹ́ríkà, California sì ni iṣẹ́ ọnà náà ti wá. Wọn kò jókòó sínú ọ́fíìsì kí wọ́n máa méfò. Wọ́n lọ wo àwọn ọ̀dọ́ níbi tí wọ́n ti ń gbé àti níbi tí wọ́n ti ń ṣeré. Wọ́n kíyè sí i pé akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga a máa kó ẹrù láti yàrá kan sí òmíràn ní ọdọọdún, pé ó ń gbé kẹ̀kẹ́, pé ó ń gbé pákó tí wọ́n fi ń gun ìgbì òkun, pé ẹrẹ̀ àti iyanrìn ń bá a wọ ọkọ̀, àti pé ó lè sùn sínú ọkọ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú. Ọkùnrin ọ̀dọ́ ni wọ́n ní lọ́kàn, wọn kò sì fi èyí pamọ́.

Àpẹẹrẹ tí wọ́n mú ni ilé kékeré tí àwọn aṣọ́mùwẹ̀ ń jókòó sí ní etíkun California. Ilé náà kò lẹ́wà púpọ̀. Igun mẹ́rin ni ó ní. Ó ṣe é gbé kúrò níbì kan lọ sí ibòmíràn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ó ṣí i sílẹ̀ gbayawu, bí ilẹ̀ bá ṣú, a ó tì í pa. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ náà jẹ́ nìyẹn: ilé tí ó ní táyà.

Nínú èrò yìí ni ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lọ lára ọkọ̀ náà ti jáde. Ilẹ̀kùn iwájú ń ṣí bí ti ọkọ̀ gbogbo, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ẹ̀yìn so mọ́ apá ẹ̀yìn, ó sì ń ṣí sí òdìkejì, bí ilẹ̀kùn alápá méjì ti ààfin. Kò sí òpó láàrin méjèèjì. Bí a bá ṣí wọn tán, gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ di ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, ohun tí ó gùn tí ó sì fẹ̀ á sì lè wọlé láìfi ara gbún irin. Òpó tí a yọ kúrò kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ni ó máa ń gba ìkọlù tí ó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní láti fi agbára kún àwọn ibi tí ó kù, pàápàá inú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn gan-an.

Láti Detroit dé East Liberty

Ìyìn tí Model X gbà ní Detroit mú kí ilé-iṣẹ́ náà tẹ̀ síwájú. East Liberty, ní Ohio, ni wọ́n ti ṣe Element, ní ilé-iṣẹ́ tí kò jìnnà sí Marysville. Ara ìdílé Civic àti CR-V ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wá, èyí sì dín ìnáwó kù. Ẹ́ńjìnnì lítà 2.4, tí ó ní agbára ẹṣin 160, ni wọ́n fi sí i. Olùrà lè mú èyí tí táyà iwájú nìkan ń fà tàbí èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. Ó lè mú jíà ọlọ́wọ́ tàbí èyí tí ń yí fúnra rẹ̀.

Inú rẹ̀ ni a ti rí i pé àwọn tí ó yà á rántí iyanrìn àti ẹrẹ̀. Wọn kò tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ rẹ̀. Èròjà urethane ni wọ́n fi bo ilẹ̀ náà, ó sì tẹ́jú pẹrẹsẹ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Aṣọ àga kò tètè mu omi. Òkìkí kàn pé ènìyàn lè da omi sí inú rẹ̀ bí ẹni ń fọ ilé, ṣùgbọ́n níwọ̀n bí wáyà iná ti wà nínú ọkọ̀, àkísà tútù ni ó yẹ ẹ́. Àga ẹ̀yìn méjèèjì ṣe é ká sókè sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ọkọ̀, ó sì ṣe é yọ sílẹ̀ sí ilé. Bí a bá tẹ àga iwájú sẹ́yìn kí ó bá ti ẹ̀yìn dọ́gba, ó di ibùsùn. Ilẹ̀kùn búùtù rẹ̀ pín sí méjì, ọ̀kan ń lọ sókè, èkejì ń wá sílẹ̀ bí ìjókòó fún ẹni tí ó fẹ́ bọ́ bàtà. Níta, apá kan lára rẹ̀ jẹ́ ike tí wọn kò kùn ní ọ̀dà, kí igi àti òkúta má baà ba ẹwà jẹ́. Dọ́là 16,000 àti díẹ̀ ni owó èyí tí ó rẹlẹ̀ jù lọ ní ìbẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí àwọn tí ó yà á kò rí. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kò lè ṣí àyàfi bí ti iwájú bá kọ́kọ́ ṣí. Bẹ́líìtì ẹni tí ó jókòó níwájú sì so mọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, nítorí pé kò sí òpó tí a lè so ó mọ́. Bí ẹni tí ó wà lẹ́yìn bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹni tí ó wà níwájú ní láti tú bẹ́líìtì rẹ̀ kí ó sì ṣí ilẹ̀kùn tirẹ̀. Fún ọ̀rẹ́ mẹ́rin tí wọ́n dé etíkun, tí gbogbo wọn fẹ́ bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí kò jẹ́ nǹkan kan. Fún ìyá tí ó fẹ́ sọ ọmọ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, tí ọkọ̀ mìíràn sì ń fun fèrè lẹ́yìn rẹ̀, wàhálà ojoojúmọ́ ni. Ọkọ̀ dùdù rántí ìgbé-ayé ẹni tí wọ́n yà á fún, ó sì gbàgbé ti ẹni tí yóò rà á. Ọdún 2007 ni wọ́n tó gbé bẹ́líìtì náà sára àga.

Ta ni ó rà á?

Ní ọdún 2003, èyí tí í ṣe ọdún odindi àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ́jà, Element tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà lé ní 60,000. Iye yìí dára. Ohun tí ó ya àwọn aláṣẹ lẹ́nu ni ojú àwọn tí ó ń rà á. Àwọn ọ̀dọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olùrà ni ó ti lé ní ogójì ọdún. Àwọn tí wọ́n ní ọmọ wà níbẹ̀. Àwọn tí ọmọ wọn ti kúrò nílé wà níbẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí ń gbé àkàbà àti páálí wà níbẹ̀. Àwọn tí ń gbin òdòdó, tí ń gun kẹ̀kẹ́, tí ń sin ajá wà níbẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ọ̀dọ́ ni ó nílò ọkọ̀ tí ó lè gbé ohun gbogbo, ṣùgbọ́n àgbà ni ó ní owó láti ra ọkọ̀ tuntun. Ọkọ̀ àlòkù ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lè rà. Lẹ́yìn èyí, àǹfààní tí a ṣe fún ọ̀dọ́ bá ara àgbà mu ju bí wọ́n ti rò lọ. Àga tí ó ga díẹ̀ rọrùn fún eékún tí ó ti ń dùn. Ilẹ̀ tí kò mu omi dára fún ẹni tí ń kó ajẹ̀lẹ̀. Ẹnu ọ̀nà tí ó fẹ̀ dára fún àpótí ìwé gẹ́gẹ́ bí ó ti dára fún pákó ìgbì òkun. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí Scion xB, tí àwọn àgbàlagbà rà púpọ̀. Toyota pa orúkọ Scion rẹ́ ní ọdún 2016.

Honda kò di etí rẹ̀. Ní ọdún 2009, níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ti New York, ó fi Element kan hàn tí wọ́n ṣètò fún ajá: ibùsùn tí ó ṣe é fọ̀, àtẹ̀gùn onípákó tí ajá lè gùn wọlé, àwo omi, àti fáànù. A lè fi èyí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń sọ jinlẹ̀. Láàrin ọdún mẹ́jọ, ilé-iṣẹ́ náà ti kúrò lórí ọ̀dọ́kùnrin tí ń gun ìgbì òkun, ó ti dé orí ẹni tí ń mú ajá rẹ̀ lọ sí ọgbà. Àwọn oníbàárà ni ó fà á débẹ̀.

Nígbà náà, ó ti pẹ́ jù. Epo wọ́n ní ọdún 2008, ìdẹ̀rùn owó sì wọ́n ju epo lọ nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé. Element kò jẹ́ aláìjẹ-epo, ènìyàn mẹ́rin péré ni ó ń gbà, Honda kò sì fi ìran kejì rọ́pò rẹ̀. CR-V, ìbátan rẹ̀, ń gba ènìyàn márùn-ún, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò sì nílò àlàyé. Ní ọdún 2010, Element tí wọ́n tà kò tó 15,000. Ọdún 2011 ni ó parí.

Orúkọ, ọjà àti àṣẹ olùlò

Àwa tí a ń sọ èdè Yorùbá ní ìdí láti fi etí sí ìtàn yìí. Èdè wa ti fi ìgbà gbogbo gbà pé ẹni tí ó ń lo nǹkan ni ó ń sọ ohun tí ó jẹ́. Ọkọ̀ ni a ń pe ohun tí ń rìn lórí omi kí mọ́tò tó dé; nígbà tí ó dé, a kò wo irin rẹ̀, a wo iṣẹ́ rẹ̀, a sì fi í sí ìdílé kan náà: ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ òfuurufú. Ayọ́kẹ́lẹ́ ń sọ bí ó ti ń yọ́ kọjá jẹ́ẹ́jẹ́.

Ọkọ̀ tí wọ́n ti lò ní òkè òkun kí ó tó dé Èkó ńkọ́? Tókunbọ̀ ni a ń pè é, orúkọ tí à ń sọ ọmọ tí a bí sí ẹ̀yìn odi tí ó sì padà wálé. Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é ti rò pé ìtàn rẹ̀ parí lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ tí ó rà á. Àwa sọ ọ́ lórúkọ bí ọmọ tuntun. Accord tí ó jáde ní sáà kan náà pẹ̀lú Element gba orúkọ ìnagijẹ ní ìgboro Nàìjíríà, wọ́n ń pè é ní End of Discussion. Kò sí ìwé Honda kankan tí ó fún un ní orúkọ yìí. Àwọn tí ń rà á, tí ń tà á, tí ń tún un ṣe ni ó fún un.

Ìgúnlẹ̀

Bí a bá wo Element gẹ́gẹ́ bí ọjà tí a ṣe láti mú ọ̀dọ́ wọ agbo Honda, a lè sọ pé ó kùnà. Bí a bá wò ó gẹ́gẹ́ bí ohun èlò, kò kùnà. Títí di òní, àwọn kan ṣì ń wá a kiri, wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n ń sọ ọ́ di ilé kékeré tí wọ́n fi ń rìnrìn àjò. Àlá àwọn tí ó ya Model X ṣẹ, àmọ́ ara ẹlòmíràn ni ó ṣẹ sí.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ fún òǹkọ̀tàn ni pé kí a má ṣe fi ìwé tí ilé-iṣẹ́ kọ nípa ọjà rẹ̀ ṣe ìtàn ọjà náà. Ìwé bẹ́ẹ̀ sọ èrò ẹni tí ó ṣe é. Ẹni tí ó lò ó ni ó mọ ìyókù. Ẹ̀kọ́ mìíràn sì wà fún gbogbo wa. Àwọn ayàwòrán náà wo ọ̀dọ́, wọ́n rí òmìnira, eré, ìrìn àjò àti ìfẹ́ láti má ṣe bẹ̀rù ẹrẹ̀. Wọ́n rò pé ọjọ́ orí ni ó ni àwọn nǹkan wọ̀nyí. Àgbà ogójì ọdún tí ó ra ọkọ̀ náà ń sọ fún wọn, láìla ẹnu, pé òun náà ṣì ní ibi tí òun ń lọ. Ọ̀dọ́ ni wọ́n fi ojú wò kí wọ́n tó ya ọkọ̀ náà, owó àgbà sì ni ó gbé e rìn. Bí èkíní kò bá sí, a kì bá tí rí i; bí èkejì kò bá sí, kì bá tí pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lójú títì.